TSH Màmá dára lórí ìwé, kí ló wá dé tí ara wọn kò yá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 58 ni Màmá mi. Ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, wọ́n gba imú yọ kókó kan tó wà ní pìtúítárì wọn, ẹ̀yà ara kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ. Nítorí pé kókó náà kò tán, wọ́n tún gba ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ojú wọn tó ti ń ṣú tẹ́lẹ̀ ti là díẹ̀, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí oṣù márùn-ún, òtútù ń mú wọn nínú ooru, oorun kì í kúrò lójú wọn, wọ́n ń gbàgbé nǹkan, ọjọ́ mẹ́rin sì lè kọjá kí wọ́n tó yàgbẹ́. Nínú àyẹ̀wò táírọ́ìdì tí a kọ́kọ́ ṣe, TSH wọn jẹ́ 1.9, wọ́n ní táírọ́ìdì wọn dára. A ṣe òmíràn, free T4 jẹ́ 6, ìwé náà sì ní ó yẹ kó wà láàárín 12 sí 22. Dókítà kan ládùúgbò fún wọn ní oògùn táírọ́ìdì tó ń jẹ́ levothyroxine, máíkírógíráàmù 100. Láti ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ń lò ó ni wọ́n ti ń bì, òòyì sì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde. Àbúrò mi tó wà ní Manchester kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé oògùn táírọ́ìdì ń bọ́ kókó inú ọpọlọ. Ṣé ká dá a dúró? Kí ló tilẹ̀ kan ọrùn nínú ọ̀rọ̀ orí?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn Màmá, ẹ sì kú ìtọ́jú wọn. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa táírọ́ìdì, èébì àti òòyì yẹn ló kàn. Ẹ gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì lónìí. Ẹ má dúró de ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá gbà yín ni pé: "Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ pìtúítárì fún Màmá wa, ẹ̀rù sì ń bà wá pé cortisol wọn ti lọ sílẹ̀." Cortisol ni họ́mọ́ònù tí ara fi ń gbé ìnira. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún cortisol, sódíọ̀mù àti ṣúgà, kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ara Màmá bá ti rẹ̀ jù, kí wọ́n má torí èsì tí kò tíì jáde dá abẹ́rẹ́ hydrocortisone, oògùn tó ń rọ́pò cortisol, dúró. Kí Màmá má sì gbé levothyroxine mì lówùúrọ̀ ọ̀la títí dókítà tó bá yẹ̀ wọ́n wò yóò fi sọ pé ó yá. Ẹ má bẹ̀rù ìdádúró ọjọ́ mélòó kan. Oògùn náà máa ń pẹ́ nínú ara. Ó tó nǹkan bí ọjọ́ méje kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ bá ti ti ilé ìwòsàn dé, ẹ wá ka ìyókù.

Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti dárúkọ táírọ́ìdì, gẹ̀gẹ̀ ló máa ń wá síni lọ́kàn. Ó dá mi lójú pé ẹ ti yẹ ọrùn Màmá wò, ẹ kò rí ohun tó wú, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ẹ béèrè ohun tó kan ọrùn. Táírọ́ìdì wọn lè má ní àbùkù kankan. Ẹni tó ń rán an níṣẹ́ ló dákẹ́.

Iṣẹ́ náà kì í ti ọrùn bẹ̀rẹ̀. Apá kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń jẹ́ hypothalamus, òun ló ń tú họ́mọ́ònù kan tó ń jẹ́ TRH sílẹ̀. TRH kì í rìn jìnnà. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ náà ni pìtúítárì wà, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì gíráàmù, ó sì jókòó sínú kòtò eegun kan lẹ́yìn imú. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ wo kòtò náà, wọ́n ní ó jọ gàárì ẹṣin àwọn ará Tọ́kì, orúkọ yẹn ló sì ń jẹ́ títí dòní. Bí pìtúítárì bá ti gbọ́ TRH, yóò tú TSH sínú ẹ̀jẹ̀. TSH ni yóò dé ọrùn, tí yóò sọ fún táírọ́ìdì pé kó ṣe họ́mọ́ònù T4 àti T3. T4 ló pọ̀ jù nínú ohun tí táírọ́ìdì ń ṣe, àmọ́ T3 ló lágbára jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú T3 tí ara ń lò, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn ló ń ṣe é, wọ́n ń yọ áyódíìnì kan kúrò lára T4. Mẹ́rin di mẹ́ta, ibẹ̀ ni orúkọ méjèèjì ti wá. Àwọn méjèèjì yìí ló ń pinnu bí iná ara ṣe ń jó: ooru ara, bí ọkàn ṣe ń lù, bí ìfun ṣe ń rìn, ìrántí, àní bí irun ṣe ń hù.

Bí T4 bá ti tó, òun náà á padà lọ sọ fún pìtúítárì pé ó tó. Bí kò bá tó, pìtúítárì á pariwo sí i. Ìdí nìyẹn tí TSH fi jẹ́ àyẹ̀wò tí gbogbo ilé àyẹ̀wò kọ́kọ́ ń ṣe. Ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ ń kú lọ lọ́rùn, pìtúítárì rẹ̀ á kígbe, TSH á gòkè sí 20, sí 50, ó tilẹ̀ lè kọjá 100. Àyẹ̀wò náà kò ṣòro, ó sì wúlò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ dúró lórí pé ẹni tó ń kígbe ní ohùn. Ní ti Màmá, ẹni tó yẹ kó kígbe gan-an ni kókó jókòó lé lórí, òun náà ni ọ̀bẹ kàn, òun náà ni ìtànṣán gbà kọjá.

Ẹ lè bi mí pé, bí pìtúítárì bá dákẹ́, ṣé kò yẹ kí TSH já sí òdo ni? Báwo ló ṣe jẹ́ 1.9? Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣìnà sí nìyí, dókítà sì wà lára wọn. TSH tí pìtúítárì tó ti bàjẹ́ ń ṣe kì í fi gbogbo ìgbà dín kù ní iye. Agbára rẹ̀ ló ń dín kù, torí pé wọn kò parí iṣẹ́ lára rẹ̀ kí ó tó jáde. Ẹ ronú nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka owó ní báńkì, èyí tí kò mọ̀ ju kí ó ka iye ewé owó tó gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ayédèrú bá wà nínú owó náà, ẹ̀rọ á kà á mọ́ ọn, ọjà nìkan ni yóò sọ pé kò ṣeé ná. Ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò ka TSH Màmá, ó rí 1.9. Táírọ́ìdì tó jẹ́ ọjà ibẹ̀ kọ̀ ọ́, ó ṣe T4 6 péré.

Nítorí náà, ẹni tí T4 rẹ̀ wà ní 6, tí pìtúítárì rẹ̀ sì yè, TSH rẹ̀ ì bá ti fò sókè. Bó ṣe jókòó sí 1.9 yẹn gan-an ni àìsàn náà. Mo mọ̀ pé inú yín kò ní dùn sí èyí, torí pé wọ́n fi ìwé náà dá yín padà sílé, Màmá sì ń jìyà fún oṣù márùn-ún. Ẹni tó ka ìwé náà ka nọ́ńbà, kò ka orí tí nọ́ńbà náà ti wá. Mo sì bẹ gbogbo ẹni tó ní ènìyàn tí kókó wà nítòsí pìtúítárì rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fi ìtànṣán sí lórí, pé kí wọ́n má gba TSH nìkan gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. TSH àti free T4 ni kí wọ́n béèrè pa pọ̀, ní ọjọ́ kan náà, nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà.

Ohun kan wà tí ẹ kò sọ fún mi, ó sì ṣe pàtàkì: ṣé Màmá ń lo oògùn gìrì? Phenytoin àti carbamazepine, tí wọ́n sábà máa ń fún àwọn tí kókó ọpọlọ ń fún ní gìrì, máa ń mú kí T4 lọ sílẹ̀ lórí ìwé nígbà tí TSH dúró síbi tó yẹ. Àwòrán rẹ̀ á wá jọ ti Màmá. Pẹ̀lú gbogbo àmì tí ẹ kà sílẹ̀, àti T4 tó jẹ́ ìdajì ohun tó kéré jù tó yẹ kó jẹ́, mi ò rò pé oògùn gìrì nìkan ló fa tiwọn. Síbẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan kí ẹ gbé e dání lọ. Bí wọ́n bá ń lo biotin, oògùn irun àti èékánná tí àwọn ọmọ máa ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, kí wọ́n dá a dúró ní ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú àyẹ̀wò, torí pé ó ń da ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí èébì. Báwo ni oògùn tó tọ́ ṣe lè ṣe Màmá ní jàǹbá?

TSH nìkan kọ́ ni pìtúítárì ń rán jáde. Ó ń rán ACTH sí ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lé orí kíndìnrín, àwọn ló sì ń ṣe cortisol. Cortisol ni ara fi ń gbé ìnira: òun ló ń di ìfúnpá mú kí ó má jábọ́, òun ló ń jẹ́ kí ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ bí a kò bá tíì jẹun, òun ló ń dúró tini bí ibà bá dé. Pìtúítárì tó ti sọ TSH nù lè ti sọ ACTH náà nù. Bí cortisol ṣe kéré tó, ara tó tutù tó sì ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lè máa fi èyí tó kù ṣe é. Ìgbà tí levothyroxine bá wọlé ni nǹkan á yí padà. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, á béèrè cortisol sí i, á sì tún máa yára lo ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ tán. Bí ìgbà tí ènìyàn fa òwú sítóòfù sókè nígbà tí kẹrosíìnì inú rẹ̀ ti fẹ́ gbẹ ni: iná á mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà á kú.

Mo ti gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wọlé rí, ìyá oníṣòwò kan tí wọ́n gbé wá lórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, tí kò lè dáhùn orúkọ rẹ̀ mọ́. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ oògùn táírọ́ìdì. Ìfúnpá rẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ ṣeé kà, sódíọ̀mù rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹbí rẹ̀ sì ti ń sọ̀rọ̀ pé ọ̀tá ló ní kó má gbádùn iṣẹ́ abẹ tó ṣe. Hydrocortisone 100 miligíráàmù la fún un sínú iṣan, pẹ̀lú omi sálàìnì àti ṣúgà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ń béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Mi ò lè gbàgbé ojú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í. Ohun tí mo rí lójú ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n fi "lónìí" bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn mi sí yín.

Cortisol ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí levothyroxine tó tẹ̀lé e. Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ fún un, torí pé ìgbà náà ló yẹ kó ga jù. Bí ó bá wà lábẹ́ 3 nínú òṣùwọ̀n µg/dL, kò sí iyèméjì, ó ti tán nínú ara. Bí ó bá kọjá 15, ọkàn wa máa ń balẹ̀. Èyí tó bá wà láàárín, àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n fi ń gún ara ní kẹ́sẹ́ láti wò ó bóyá yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bì, tí òòyì ń kọ́, kò sí ààyè fún gbogbo ìyẹn. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ kàn.

Ẹ tún rántí dexamethasone. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fún Màmá nígbà iṣẹ́ abẹ tàbí nígbà ìtànṣán, torí òun ni wọ́n fi ń mú kí wíwú tó yí kókó ká lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe cortisol fúnra ẹni. Bí ó bá wá tán, tí wọn kò rà á mọ́, tí kò sí ẹni tó ní kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ewu ni. Dexamethasone kan náà máa ń tẹ TSH mọ́lẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí T4 di T3 dáadáa. Ẹ wo ìwé oògùn àtijọ́ wọn dáadáa. Bí ẹ bá rí orúkọ náà tàbí prednisolone, oògùn tó jọ ọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n lò ó kẹ́yìn fún dókítà.

Bí wọ́n bá ti rí i pé cortisol kò sí, hydrocortisone ni Màmá yóò máa lò lójoojúmọ́, ní àpapọ̀ nǹkan bí miligíráàmù 15 sí 20, tí wọ́n pín sí méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù ní òwúrọ̀. Bí ibà bá mú wọn, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí ibà fi máa lọ. Bí wọ́n bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú, abẹ́rẹ́ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí èyí bá ti wọ ara, wọ́n lè padà sí levothyroxine, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi 100 bẹ̀rẹ̀ fún ìyá ẹni ọdún 58 tí ara rẹ̀ ti tutù fún oṣù márùn-ún. Máíkírógíráàmù 25 tàbí 50 ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, torí ọkàn, kí n tó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń parí sí nǹkan bí máíkírógíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wúwo.

Ìdẹkùn kejì wà níwájú yín, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á ní kí Màmá wá tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ṣe TSH nìkan, yóò ti lọ sílẹ̀, bóyá sí 0.1 tàbí kó tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé oògùn díẹ̀ ti tó láti pa ẹnu pìtúítárì tí kò lágbára mọ́. Ẹnìkan á wo ìwé, á ní oògùn ti pọ̀ jù, á gé e sí méjì, Màmá á sì padà sínú òtútù. Mo ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ti Màmá, TSH kò ní sọ òótọ́ mọ́ láéláé. Free T4 nìkan ni a ó máa tẹ̀ lé, a sì fẹ́ kí ó wà láti àárín sókè nínú òdiwọ̀n ilé àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ 12 sí 22 ni, inú mi á dùn sí 17 sí 20. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà kí Màmá tó gbé oògùn òwúrọ̀ yẹn mì.

Lílò rẹ̀ kò le, àmọ́ ó fẹ́ ìṣọ́ra. Omi lásán ni kí wọ́n fi gbé e, kí wọ́n tó jẹ ohunkóhun, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí tíì tàbí ògì tó kàn án. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, kálísíọ̀mù àti oògùn àyà títa gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní wákàtí mẹ́rin. Mílíìkì sóyà náà máa ń di í lọ́wọ́. Kí ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé tàbí sínú mọ́tò. Iyọ̀ oní-áyódíìnì dára fún gbogbo ilé, ṣùgbọ́n kò lè wo irú èyí sàn, bẹ́ẹ̀ ni àgbo gẹ̀gẹ̀ kankan kò lè wò ó, torí ọrùn kọ́ ni ohun tó sọnù wà.

Nísinsìnyí, ohun tí àbúrò yín kà ní Manchester. Kò pa irọ́, àmọ́ ohun tó kà kì í ṣe ti Màmá. Àwọn onímọ̀ ti rí i nínú àwo ìwádìí pé T4 lè so mọ́ ojú kan lára sẹ́ẹ̀lì glioma, ìyẹn kókó tó ń ti inú ẹran ọpọlọ fúnra rẹ̀ hù, kí ó sì ràn án lọ́wọ́ láti dàgbà. Ní 2003, àwọn dókítà kan gbé ìwádìí kékeré jáde nípa àwọn aláìsàn glioma líle tó ti padà wá: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi oògùn dín táírọ́ìdì wọn kù, àwọn tó dín kù fún lóòótọ́ sì pẹ́ láyé ju àwọn tí kò dín kù fún lọ. Ènìyàn díẹ̀ ni, wọn kò sì fi ìbò pín wọn sí méjì bó ṣe yẹ kí a ṣe kí a tó gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a wádìí sí i ni, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yẹ kó fi gba oògùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kókó pìtúítárì yàtọ̀ sí glioma. Lẹ́yìn náà, ohun tí à ń fún Màmá kò ju ohun tí ara wọn ì bá ṣe fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pa á tì nítorí ìbẹ̀rù yìí lè bá ọkàn tó ń lù jẹ́ẹ́ pàdé, omi lè yí ọkàn ká, ó sì lè parí sí oorun tí kì í ṣeé jí.

Bí àbúrò yín bá ń wádìí sí i, ó lè rí i pé ní 2013 àwọn dókítà kan ní ìlú Kaunas, ní Lithuania, wo T3 àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kókó ọpọlọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tí T3 wọn lọ sílẹ̀ kò ṣe dáadáa tó àwọn yòókù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó má torí ìyẹn fi T3 ránṣẹ́. Ara tó bá ń ṣàìsàn gidigidi, ì báà jẹ́ ọpọlọ, ì báà jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín T3 kù, bí ẹni tó ń rọra jẹ oúnjẹ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Àmì ìṣòro ni, kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìṣòro. Nínú irú ìyẹn, T3 ló kọ́kọ́ ń lọ sílẹ̀, T4 sábà máa ń dúró títí àìsàn náà fi máa le. A kì í fún irú wọn ní oògùn táírọ́ìdì. Àìsàn ìdí rẹ̀ là ń tọ́jú.

Nítorí àwọn mìíràn tó ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdàkejì rẹ̀, torí ó dun mí púpọ̀. Táírọ́ìdì tó kú lọ́rùn, tí wọn kò tọ́jú fún ìgbà pípẹ́, máa ń mú kí pìtúítárì kígbe títí tí òun fúnra rẹ̀ fi máa wú. Yóò wú débi tí MRI á fi rí i bíi kókó. Prolactin, họ́mọ́ònù tó ń mú kí ọmú ní wàrà, náà lè gòkè, nǹkan oṣù á dúró, ọmú á máa sun wàrà, orí á máa fọ́. Ẹbí á ta ilẹ̀ láti ṣe síkáànù, wọ́n á máa wá owó iṣẹ́ abẹ kiri, nígbà tó jẹ́ pé TSH wọn ti kọjá 100. Levothyroxine ojoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, "kókó" náà á sì súnkì padà. Láti 1962 tí ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku ti dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn ni ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí ti wà lọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ kò wọ́n wa tó àyẹ̀wò. Kò yẹ kí ọ̀bẹ kan pìtúítárì ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé wọ́n ti wo TSH, free T4, cortisol àti prolactin rẹ̀, àfi bí ojú bá ń fọ́ lọ lójijì tí kò sí ààyè àtidúró.

Ti àwọn ọmọdé náà yàtọ̀. Ọmọ tí wọ́n yọ medulloblastoma, kókó ọpọlọ kan tó sábà máa ń mú ọmọdé, fún, tí wọ́n fi ìtànṣán sí orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ìtànṣán náà lè kan táírọ́ìdì rẹ̀ lọ́rùn pẹ̀lú pìtúítárì rẹ̀ lórí. Ibi méjèèjì ni kí òbí máa ṣọ́, títí kan kókó tó lè hù lọ́rùn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá ga mọ́, tó sì ń sùn ní kíláàsì, kí wọ́n má pè é ní ọ̀lẹ.

Ìtànṣán kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí pìtúítárì Màmá ṣì ní lónìí lè lọ ní ọdún kẹta, lè lọ ní ọdún kẹjọ. Nítorí náà, bí cortisol wọn bá tilẹ̀ dára nínú àyẹ̀wò yìí, kò tíì parí. Lọ́dọọdún ni kí wọ́n máa wò ó, pẹ̀lú free T4, pẹ̀lú ojú wọn lọ́dọ̀ dókítà ojú. Bí wọ́n bá wá ń mu omi bíi pé òùngbẹ kò ní lọ láé, tí wọ́n sì ń tọ̀ ní gbogbo òru lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ hydrocortisone, ẹ tètè sọ fún dókítà. Họ́mọ́ònù mìíràn láti ibẹ̀ náà ló lè fà á.

Ìrántí Màmá yóò padà, àmọ́ kò ní yára. Òtútù ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, ìfun á tẹ̀lé e, orí ló máa ń pẹ́ jù, ó lè gba oṣù mélòó kan. Kí gbogbo ilé ní sùúrù. Oṣù márùn-ún tí wọ́n fi ń sùn yẹn, wọn kò ya ọ̀lẹ, ẹnikẹ́ni kò sì fi nǹkan ṣe wọ́n.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé cortisol wọn kò tó, ẹ gé páálí kékeré kan, kí ẹ kọ orúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù yín àti ọ̀rọ̀ yìí sí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá: "Pìtúítárì mi kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí mi tí mo dákú tàbí tí mo ń bì, ẹ fún mi ní abẹ́rẹ́ hydrocortisone 100 miligíráàmù kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn." Ẹ fi ọ̀rá bò ó kí omi má bà á jẹ́. Ọ̀kan nínú báàgì tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, ọ̀kan nínú Bíbélì tàbí Kùránì wọn, ọ̀kan lọ́wọ́ aládùúgbò tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án.